Kò Sí Ẹni Tó Ń Jẹ́ Bẹ́ẹ̀ Níbí

Ìgò íńkì fò sókè lórí tábìlì, ó dojú dé, íńkì sì ń wá ọ̀nà láàárín àwọn káàdì bí omi òjò ṣe ń wá ọ̀nà láàárín òkúta. Bàbá aládùúgbò wa kò tilẹ̀ wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi gbá tábìlì. Ojú wọn ti pọ́n bí ata.

"Kí lo pè é?"

Mo ti ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn mi fi kan pẹpẹ ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

"Ègùn, sà."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́! Obìnrin tó ń fà ọ́ lọ́wọ́ wá síbí lójoojúmọ́, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ègùn náà ni, sà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ni wọ́n bá tún gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn àtẹ́lẹwọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ti di ìyá àgbà, eyín mi ti ń dín kù, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá gbá pàá nínú ilé, ara mi á kọ́kọ́ lọ sí yàrá yẹn ní Bódìjà kó tó padà wá bá mi.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Mi ò sì ní dárúkọ bàbá náà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Ọgbà igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbìn bí ògiri ló là wá láàárín, ilé tiwọn lápá òsì, tiwa lápá ọ̀tún. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, ìyá mi ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kàn wá jókòó sí Ìbàdàn ni. Bàbá aládùúgbò wa ní tiwọn ti fẹ̀yìn tì. Èdè àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn èèyàn, èdè tí ẹnikẹ́ni kò fi ná ọjà mọ́. Àwọn awakọ̀ àdúgbò máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ẹ bá wa fi Gíríìkì kí ẹ́ńjìnnì yìí, bóyá á dá wa lóhùn." Àwọn ọmọ yunifásítì sì máa ń ti Agbowó fẹsẹ̀ rìn wá yá ìwé lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í dá a padà.

Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni ìyá mi ti ń fi oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sí wọn. Ègùn ló ń sè é, Ègùn náà ló ń gbé e lọ. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, Ègùn á wẹ ojú mi, á fi ọwọ́ kan gbé abọ́ ẹ̀wà, á fi ìkejì mú mi, a ó gba àárín ọgbà igi kọjá, á fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá kó lè ráyè fọ aṣọ. Yàrá yẹn ń rùn fún káńfọ̀, ìwé àtijọ́ àti orógbó tí wọ́n máa ń jẹ. Fáànù àjà ń ké wíí, wíí, wíí bí ẹyẹ tí ọ̀fun ń dùn. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ ó máa gbọ́ ọwọ́ Ègùn lórí aṣọ, gbà, gbà, gbà, lórí òkúta ìfọṣọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to káàdì. Páálí pélébé tí wọ́n ń rà ní Dùgbẹ̀ ni, ó kún inú àpótí onígi kan tó gùn bí apá. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ibi kan sí tí wọ́n ti rí orúkọ kan ṣoṣo nínú ìwé àwọn ará Gíríìsì. Kì í ṣe orúkọ ọba, kì í ṣe ti jagunjagun. Tirátà ni. Wọ́n á ní kí n ka káàdì kan, wọ́n á wá sọ èyí tí ń bẹ nínú rẹ̀ fún mi bí ẹni ń pa àlọ́.

Nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan, wọ́n ní kí Tirátà sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, kó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì máa lọ. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yọ ọ́, ó lọ. Kò fọhùn. Nínú eré mìíràn, Tirátà jí igi ìdáná ṣẹ́ lórí òkè, ọkùnrin kan sì ń sọ ohun tí òun ì bá fi ojú rẹ̀ rí bí ọwọ́ òun bá tẹ̀ ẹ́. Nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n rò nílé ẹjọ́, obìnrin kan kó jáde nílé ọkùnrin tó ń fi ìyà jẹ ẹ́, wọ́n wá ń ka ẹrù tó kó: aṣọ, góòlù, Tirátà, àti ìránṣẹ́bìnrin kan sí i.

"Ṣé o gbọ́?" Bàbá á ní. "Wọ́n kà á mọ́ góòlù!"

Ẹ̀kẹrin ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọlọ́gbọ́n kan ń wo ìràwọ̀ lójú ọ̀run, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jábọ́ sínú kànga. Ìránṣẹ́bìnrin kan dúró létí kànga, ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe òun náà ní Tirátà. Bí Bàbá bá dé ibẹ̀, àwọn náà á bú sẹ́rìn-ín, èjìká wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á ní, "Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ló rẹ́rìn-ín."

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn, sà?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò mí pẹ́. "Ìyẹn gan-an ni mo ti ń wá láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ. Ẹ̀ẹ̀kan á dà bí orúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan á dà bíi pé wọ́n kàn ní 'obìnrin ilẹ̀ báyìí'. Ilẹ̀ kan wà lápá àríwá wọn tí wọ́n ti ń ra ẹrú. Obìnrin tí wọ́n bá ti ibẹ̀ rà wálé, wọn á fi ilẹ̀ rẹ̀ pè é, ó parí. Tìẹ Tirátà, tèmi Tirátà, ti aládùúgbò Tirátà. Ṣùgbọ́n wo ọ̀gá rẹ̀! Ọ̀gá rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ àdúgbò rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ìwé yẹn, mi ò rí ẹnìkan tó bi obìnrin náà pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é."

Inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí wọn. Ìbínú wọn kì í ṣe ti ariwo nígbà náà. Wọ́n kàn máa ń tẹ kálámù mọ́ káàdì títí ó fi ń dá a lu.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, káàdì tuntun ni wọ́n ń kọ. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Ọkàn mi ti lọ sí gúgúrú tí wọ́n ṣèlérí fún mi. Ni mo bá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ọmọdé ṣe ń sọ̀rọ̀:

"Bíi ti Ègùn wa nìyẹn."

Kálámù dúró. Ẹ ti mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Àtẹ́lẹwọ́, ìgò íńkì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bàbá kò tíì mọ̀ nígbà tí wọ́n gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kíní, èmi náà kò sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo ń gun géètì wa ṣeré. Ọkùnrin kan dé. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀, ó dí bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n eruku ti bo bàtà rẹ̀ tó fi jẹ́ pé n kò mọ àwọ̀ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ń lọ́ díẹ̀.

"Ọmọ dáadáa, ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mò ń wá Sènami. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè la ti wá. Wọ́n ní Bódìjà ló ń gbé pẹ̀lú àwọn tó gbà á síṣẹ́."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ṣé ó dá yín lójú? Mo kéré nígbà tó kúrò nílé, mi ò lè sọ bó ṣe rí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè nínú ilé. Ìyá wa ń kú lọ. Ó ní òun fẹ́ rí ojú Sènami kóun tó lọ."

Ìyá mi ti kì mí nílọ̀ nípa àjèjì ẹnu géètì. Mo na ọrùn, mo fi ohùn àgbàlagbà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: "Mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Mo sì ti géètì, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Inú mi dùn sí ara mi.

Láti ẹ̀yìnkùlé, gbà, gbà, gbà. Mò ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ dúró díẹ̀ sí i létí géètì, bí ẹni pé ohùn aṣọ yẹn ń sọ nǹkan kan fún un, kó tó rìn lọ sí ilé tó kàn.

Ọdún mọ́kànlá ni Ègùn ti wà nílé wa, orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ la sì ń pè é. Ó pọ̀n mí. Òun ló kọ́ mi ní ìrìn. Nígbà tí ìgbóná mú mi, abẹ́ apá rẹ̀ ni mo sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ń kígbe "Ègùn!" láti inú yàrá, kò sí "Àǹtí" níwájú rẹ̀, kò sí "ẹ" nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá mi létí.

Ẹ padà bá mi wá sí yàrá Bàbá. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n pariwo gba orí ọgbà igi kọjá: "Ìwọ obìnrin yẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá!"

Ó dé, ìfófòó ọṣẹ wà dé ìgúnpá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo íńkì lórí tábìlì, ó wò mí bíi pé èmi ni mo dà á, ó sì ti ń wá àkísà.

"Ẹ fi íńkì sílẹ̀," Bàbá wí. "Kí ni ìyá yín ń pè yín?"

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni, sà?"

"Rárá. Èmi ni mo ṣe é. Kí ni ìyá yín ń pè yín nílé?"

Fáànù ké wíí, wíí. Omi ọṣẹ ń kán láti ìka rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tó sì sọ ọ́, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ ni. Ohùn ọmọdé ni.

"Sènami."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ gba àárín ìka mi jáde: "Ọkùnrin kan wá bi mí! Ó ní ìyá wọn ń kú lọ. Mo... mo ní kò sí..."

Mo rò pé Bàbá á gbá mi. Mo tilẹ̀ ti di ojú. Nígbà tí mo là á, wọ́n ti jókòó, wọ́n jókòó sórí àwọn káàdì tó bọ́ sílẹ̀, lórí ilẹ̀ lásán, àgbàlagbà tó mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀.

"Ó kan ilẹ̀kùn mi náà," wọ́n wí. "Ọjọ́ Túsìdeè. Mò ń kọ káàdì lọ́wọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi kígbe láti inú ilé pé kò sí. Mi ò gbé orí sókè. Káàdì Tirátà ni mò ń kọ, mi ò gbé orí sókè!"

Àǹtí Sènami nu ọwọ́ wọn sára ìró, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ọwọ́ tó ti gbẹ tipẹ́.

Bàbá ní ọkọ̀ ìjàpá kan tí kì í fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣiṣẹ́. A gba ọ̀nà Mókọ́lá já sí Dùgbẹ̀, a dé gáréèjì, bóyá a ó ṣì bá ọkùnrin náà níbẹ̀. Àwọn ọmọ gáréèjì kọ́kọ́ rò pé Bàbá ni èrò. "Bàbá àgbà, níbo là ń gbé yín lọ? Àga iwájú ṣì ṣófo fún yín!" Bàbá ní àwọn ń wá ará Àjàṣẹ́ kan, ẹ̀wù funfun, bọ́tìnì tó dé ọrùn, bí mo ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn.

"Háà, ẹni yẹn," ọ̀kan nínú wọn wí. "Orí bẹ́ńṣì yìí ló sùn láti ọjọ́ tó dé. Ojoojúmọ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bódìjà. Àná ló bá ọkọ̀ ìdájí lọ. Ó ní gbogbo ilé lòun dé tán, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀gbọ́n òun."

Bàbá fi Àǹtí Sènami sínú ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ́wọ́. Kò sí àpótí, kò sí bàtà ìrìn àjò, sìlípáàsì ìfọṣọ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo di ìró wọn mú láti ojú fèrèsé, mò ń sunkún kíkan. Wọ́n rọra tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má sunkún mọ́. Lọ ká aṣọ lórí okùn kí òjò tó dé."

Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Mo ti dí wọn lọ́wọ́ àtirí ojú ìyá wọn, aṣọ wa ni wọ́n ń rò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá wá sílé wa. Ìyá mi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn kò jókòó.

"Ẹ wá gbé Ègùn lọ láì sọ fún wa, sà?" ìyá mi wí. "Aṣọ àwọn ọmọ ṣì wà nínú omi!"

"Sènami."

"Ta ni Sènami?"

Bàbá kàn ń wò wọ́n. Mo rí i bó ṣe yé ìyá mi díẹ̀díẹ̀. Ojú wọn yí sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá mi gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Àpèlé lásán ni, sà. Gbogbo ilé ló ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó sì ń jẹ́ ẹ, kò ráhùn rí."

"Ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, kí ni kò ní jẹ́?"

"Ẹ̀yin náà, sà," ìyá mi wí, inú ti ń bí wọn. "Ṣé kì í ṣe àṣà wa ni? Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò dárúkọ àbúrò ọkọ mi kankan rí. Adúmáadán wà níbẹ̀, Ìdílẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣé mo kẹ́gàn wọn ni?"

"O mọ orúkọ wọn!" Bàbá pariwo. "O mọ ọ́n, o fi pamọ́ nítorí ó wúwo lẹ́nu rẹ. Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ti obìnrin yìí, ṣé o fi pamọ́ ni? Kí lo rí tí o fi pamọ́?" Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Ìwọ náà. Kí ni wọ́n ń pè ọ́ ní Sẹkitéríàtì?"

Bàbá mi yíjú sí ògiri.

"Sọ ọ́ létí ọmọ rẹ. Òṣómàáló! Mo gbọ́ ọjọ́ tí o ti ibi iṣẹ́ dé, tí o ń fi ẹsẹ̀ gbá àga kiri nítorí pé wọ́n fi Ìjẹ̀ṣà rẹ bú ọ, wọ́n pè ọ́ ní Òṣómàáló níwájú ọ̀gá. Ọgbà igi kì í dí ariwo. Ta ló gbé omi tútù fún ọ mu lọ́jọ́ yẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀? Kí lo fi pè é nígbà tí o ń gba ife?"

"Ẹ dákẹ́, sà," bàbá mi wí.

"Mò ń dákẹ́. Èmi náà ti ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, mi ò béèrè. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́."

Wọ́n jáde. Bàbá mi ní, "Gíríìkì ti da bàbá yìí lórí rú." Ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ ká rín. Kò sẹ́ni tó rín in.

Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí Àǹtí Sènami tó padà, àpótí wọn ni wọ́n sì wá kó. Wọ́n ti fá orí. A ti gbọ́ láti ẹnu awakọ̀ pé wọ́n dé Àjàṣẹ́, wọ́n bá erùpẹ̀ tútù. Ìyá mi kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́. Àbí ahọ́n wọn ni kò tíì kọ́ ọ. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ọwọ́:

"Ègùn! Káàbọ̀ o. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Àǹtí Sènami ń di okùn mọ́ àpótí.

"Ègùn, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Okùn ni wọ́n ń dì.

"Àbí o kò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ń pe ẹnìkan. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo rí i pé ìyá mi ń wá orúkọ náà nínú orí wọn, ó sì ti sọ nù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ ọ, nínú ìjà. Èmi ni mo sọ ọ́. "Àǹtí Sènami." Àǹtí gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n gbé àpótí wọn rù, wọ́n sì jáde. Bàbá wà létí ọgbà igi. "Ẹ káàárọ̀, sà," Àǹtí kí wọn. Bàbá, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nù, gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì kàn dúró síbẹ̀ lásán.

N kò rí Àǹtí Sènami mọ́ títí di òní.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá mú káàdì tuntun. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà Yorùbá, gàdàgbà: Sènami. Wọ́n kọ Àjàṣẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá kọ "Ọmọ", wọ́n dúró. Wọ́n fa ìlà gbọọrọ síbẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo.

"Mo fẹ́ béèrè orúkọ ìyá wọn láàárọ̀ yìí," wọ́n wí. "Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní ta ni mí tí n ó máa béèrè báyìí, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti wọ ilẹ̀."

Wọ́n fi káàdì náà ṣíwájú gbogbo Tirátà. Orúkọ tiwọn wà lára àpótí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló fín in sí i nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ó ń dán. Wọ́n mú abẹ, wọ́n ń ha á, krẹ́ẹ̀, krẹ́ẹ̀, títí igi fi funfun. Wọ́n ní, "Bí o bá dàgbà tí o bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, o kò gbọdọ̀ dárúkọ mi. Orúkọ àwa ọ̀gá ti pọ̀ jù nínú ìwé."

Ìdí tí mi ò fi dárúkọ wọn nìyẹn o. Mo pa àṣẹ mọ́.

Àpótí náà wà lọ́dọ̀ mi. Káńfọ̀ ṣì ń rùn níbẹ̀. Ìbínú Bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì jogún rẹ̀ odidi. Àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n sinmi, pé ìbínú kò dára fún àgbà. Mo ní àgbà wo? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé rẹ̀ ní Ríìngì Róòdù. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn géètì fún wa ti tó ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo bi ọmọ mi pé kí lorúkọ rẹ̀.

"Mọ́là ni, Mọ̀mí."

Mo ní n kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Mọ̀mí, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Oòrùn ń mú!"

"Jẹ́ kó mú. Ìyá ẹnìkan kú rí láì rí ọmọ rẹ̀ nítorí irú èyí. Lọ bi í."

Ó wò mí, ó wo géètì. Ọmọ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, ojú ń tì í láti béèrè, nítorí ọdún mẹ́fà ti kọjá. Mo mọ ìtìjú yẹn. Ìtìjú yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí gbogbo ìlú yìí máa kígbe Mọ́là, Àgàtú, Ègùn, láti Bódìjà dé Ṣálẹ́ńjì dé Àpáta. Ní ìgbẹ̀yìn, ó lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sì sọ ti ìyá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ ọ́ sórí káàdì. Mo wá sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti san án. Bí mo bá ṣí àpótí náà, káàdì àkọ́kọ́ ni mo máa ń mú. Íńkì rẹ̀ ti ń ṣá. Sènami, Àjàṣẹ́, Ọmọ, àti ìlà yẹn. Mo ti bi gbogbo ẹni tó ti Àjàṣẹ́ wá tí mo bá pàdé, wọ́n ní Sènami pọ̀ bí ewé. Ìyá kan wà tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, tó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Ó rán ẹnìkan sí mi. Mo ti géètì. Títí di òní, n kò mọ orúkọ rẹ̀.